Ọjọ́ tí Bàbá Dáhùnsí Pọn Kọ̀ǹpútà Lọ sí Ìgbájọ

Kò sí ẹni tó gbé Ìlá Ọ̀ràngún lọ́dún náà tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Dáhùnsí fi ọ̀já pọn kọ̀ǹpútà lọ sí Ìgbájọ. Àwọn tó fi ojú ara wọn rí i kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe bí ẹni pé àwọn rí i kún ìlú.

Bọ́ọ̀sì ni Bàbá kọ́kọ́ lọ bá. Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé ẹrù wọn sí búùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bàbá wo ewúrẹ́, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ohun tó ń tẹ ìwé kò gbọdọ̀ bá ohun tó ń jẹ ìwé rìnrìn àjò. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Jímọ̀ ọlọ́kadà.

Jímọ̀ ní kí Bàbá jẹ́ kí òun gbé e lé orí táǹkì epo níwájú òun. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní aláìsàn ni, òórùn epo kò dára fún un. Inú bí Ìyá Tèmi, ìyàwó Bàbá, ó wọ yàrá, ó mú ọ̀já jáde. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ aláìsàn, ẹ kúkú pọ̀n ọ́n." Àwàdà ni Ìyá Tèmi ń ṣe. Bàbá gba ọ̀já náà, wọ́n sì dúpẹ́.

Wọ́n fi ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ sílé, wọ́n fi aṣọ òtútù wé àpótí rẹ̀ tó tóbi bí àpótí aṣọ, wọ́n sì pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọ̀kadà dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá dábùú igi sójú ọ̀nà, ọlọ́pàá kan ń wo ẹ̀yìn Bàbá.

"Bàbá, ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn?"

"Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló ti wá."

"Kí ló ṣe é tí kò mira?"

"Orí rẹ̀ ni. Ó ń pẹ́ kó tó rántí nǹkan."

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ọsàn níbẹ̀ gbọ́ ọ, àánú sì ṣe é. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé aṣọ òtútù náà, ó ní, "Kò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́ o. Ẹ ó rí èrè rẹ̀ jẹ." Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Àṣẹ, ìyá." Jímọ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun, ṣùgbọ́n Bàbá ṣe àṣẹ náà tọkàntọkàn débi pé òun náà ṣe é.

Bàbá kò kúkú purọ́. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣàìsàn lóòótọ́. Bí Bàbá bá ti tàn án báyìí, Ìyá Tèmi á mú ọ̀bẹ, á bẹ iṣu, á gbé e kaná. Iṣu á jinná, wọ́n á gún un, wọ́n á jẹ ẹ́, Bàbá á fọwọ́, wọ́n á padà síwájú kọ̀ǹpútà, á ṣì máa ka òǹkà nínú ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Tèmi kò ní aago nínú ilé ìdáná. Kò wá a.

Ilé ẹ̀kọ́ táípù ni Bàbá ní, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin bí a ṣe ń fi gbogbo ìka tẹ̀wé láì wolẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ló gbẹ̀yìn wọn. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń bá ìyá rẹ̀ yan gààrí. Lọ́dún 1997 yìí, ọ́fíìsì ìjọba kan nílùú kéde pé àwọn ń wá ẹnìkan tó mọ kọ̀ǹpútà lò, àti pé ìdánwò á wáyé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Ìsìnró, ọdún ìbílẹ̀ tí àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé fún. Bí Bọ́sẹ̀dé bá yege, yóò di òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí kò bá yege, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ní kí wọ́n mú un wá sí Èkó, kó wá máa bá òun tọ́jú ọmọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ètò tuntun, èyí tí wọ́n ń fi máòsì, ohun kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ fà lórí tábìlì, darí, ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdánwò náà. Kọ̀ǹpútà Bàbá kò lè gba ètò yẹn sínú. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n gbìyànjú ẹ̀, ó dákẹ́, ó ṣú, ó sì gbóná bí ẹni tí ibà mú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Bàbá fi pọ̀n ọ́n lọ bá Alfred tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìgbájọ.

Kí a tó sọ ohun tí ojú Alfred rí, ó yẹ kí a sọ pé Bàbá Dáhùnsí kì í gba ohunkóhun láì kọ́kọ́ ná an. Kì í ṣe ọjà nìkan. Bí nọ́ọ̀sì bá ní abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n máa gbà, Bàbá á ní kó gba méjì. Bí wòlíì bá ní kí ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá á nawọ́ sókè lórí ìjókòó: "Wòlíì, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ọjọ́ kan àtààbọ̀, ká wá ṣe é dáadáa."

Lọ́jọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà oko. Àwọn tó sá sábẹ́ igi kan náà pẹ̀lú wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n ń bá òjò sọ̀rọ̀. "Rọ ìwọ̀nba níhìn-ín," ni Bàbá wí, "kó o gbé ìyókù lọ sí Ire." Òjò náà dá lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn ará Ire kò tíì dárí jì wọ́n.

Ọmọ Ìgbájọ ni Alfred. Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe kó tó padà wálé. Nígbà tó fẹ́ ṣí àpótí náà, Bàbá kọjú sí ògiri. Wọ́n ní kò yẹ kí èèyàn máa wo ìhòòhò ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Alfred bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yíjú padà.

"Bàbá, ẹ wo pátákó pẹlẹbẹ yìí. Mọ́dábọ́ọ̀dù là ń pè é. Orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù dúró lé. Èyí tó dà bíi bisikíìtì yìí, òun ni ọpọlọ rẹ̀. Ọpọlọ yìí ti darúgbó, sà. Kò lè gbé ètò tuntun."

"Mo gbọ́. Yọ ọpọlọ, kó o fi pátákó sílẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe, sà. Ọpọlọ tuntun ní àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́, bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ẹsẹ̀ yẹn pọ̀ ju ihò tó wà lára pátákó àtijọ́ lọ."

"Ó fi mélòó pọ̀ jù ú lọ?"

"Ó fi púpọ̀ pọ̀ jù ú lọ, sà."

"Dín in kù."

"Kí n dín kí ni kù?"

"Ẹsẹ̀ náà. Gé díẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà kò fi gbogbo ẹsẹ̀ mi rìn mọ́."

Alfred gbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà ti ná owó, wọ́n ti ná ọjọ́ tí òun máa parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó ń ná ẹsẹ̀ rí.

"Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ pààrọ̀ ọpọlọ àti pátákó lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí ẹ̀kẹta."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Dáhùnsí rí, pé kò sí ẹ̀kẹta. Wọ́n ní àwọn á lọ rò ó. Wọ́n tún kọ̀ǹpútà wọn pọ̀n, wọ́n sì padà sílé.

Ohun tí Bàbá ń rò kì í ṣe ohun tí Alfred lérò. Ẹ̀bùn ni kọ̀ǹpútà náà. Kọ́lájọ, àbúrò Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló gbé e wá fún wọn. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa, bí ẹnìkan bá fún ọ ní ẹ̀wù tó gùn jù, wàá kọ́kọ́ sọ fún un kí o tó gé e. Kọ́lájọ kì í sì í gbàgbé ohun tó fún èèyàn. Bí ó bá wálé ọdún, kó tó jókòó, kó tó mu omi, yóò ti lọ bá kọ̀ǹpútà níbi tó wà, yóò fọwọ́ gbá a lórí jẹ́jẹ́, yóò ní, "Ṣé ò ń gbádùn?" Bàbá ló máa ń dáhùn fún un. "Ó ń gbádùn," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì yára ní kí Ìyá Tèmi gbé oúnjẹ wá, kí Kọ́lájọ má bàa ní kí àwọn tàn án.

"Ẹ sọ fún un tó bá dé," ni Ìyá Tèmi wí.

"Tó bá fi máa dé, ọdún ti dé nìyẹn. Ìgbà wo ni Bọ́sẹ̀dé máa wá kọ́ ọ?"

"Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ má sọ fún un nígbà náà."

"Kí n yọ ọpọlọ ẹ̀bùn àbúrò mi, kí n máa wò ó lójú?"

"Ó dáa, ẹ fi í sílẹ̀. Kí Bọ́sẹ̀dé máa lọ sí Èkó, kó lọ máa fọ ìdí ọmọ ọlọ́mọ."

 Bàbá ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó wà láàárín méjèèjì ni?"

Ìyá Tèmi wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Bàbá Tèmi, ta lẹ tún ń ná báyìí?"

Ọṣẹ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ wọn kọjá, wọ́n sì rí Bọ́sẹ̀dé nínú ilé, òun nìkan. Ó ti wo àwòrán inú ìwé kan tó yá, ó ti ya ojú ètò tuntun náà sórí páálí, ó gbé e ti ògiri. Ó mú ègé ọṣẹ ìfọṣọ kan, ó fi ń ṣe máòsì lórí tábìlì. Á fa ọṣẹ síwájú, á wo páálí. Á fi ìka tẹ orí ọṣẹ, á sì mi orí bí ẹni pé nǹkan ti ṣí.

Bàbá yọ orí lójú fèrèsé. "Bọ́sẹ̀dé, ṣé ó ń yọ̀ dáadáa?"

Ó fò sókè, ó kúnlẹ̀. "Ó ń yọ̀, sà."

"Má jẹ́ kí omi kàn án."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn aládùúgbò ti rí Bàbá tí wọ́n ń di ọ̀já, tí Jímọ̀ ń dúró dè wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ táípù wọn, tí wọ́n ti kọ̀ láti tà fún gbogbo ayé, ni wọ́n tà láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí lẹ́tà méjì ti kú lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Inú àpótí àtijọ́ ni Alfred to pátákó tuntun àti ọpọlọ tuntun sí, débi pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ láti ìta. Ó ní òun á bá Bàbá ju àwọn ti àtijọ́ nù. Bàbá ní a kì í ju ẹ̀bùn nù. Wọ́n fi aṣọ funfun dì wọ́n, wọ́n sì tọ́jú wọn sínú àpótí aṣọ wọn sílé, níbi tí ẹ̀wù ìgbéyàwó wọn wà.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà, Ìyá Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iṣu ni. Kò tíì rí ọ̀bẹ tí kọ̀ǹpútà fi ṣí.

"Irọ́ ni," ni Bàbá wí. "Kò tíì ṣe tán. Ó ń tàn wá ni."

Wọ́n pa á. Wọ́n tún tàn án. Ó tún ṣí. Bàbá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n dúró dè é kó ṣe tán bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyá Tèmi dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú odindi iṣu lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n jẹun pẹ́ jù lọ nínú ilé náà.

Bàbá mọ táípù, ṣùgbọ́n wọn kò mọ máòsì. Wọ́n ń fà á lọ sápá ọ̀tún, wọ́n ń fà á lọ, títí tó fi dé etí tábìlì. Ni wọ́n bá ké, "Ìyá Tèmi! Tábìlì ti tán! Gbé àpótí ìdáná yẹn wá ká fi kún un!" Ìyá Tèmi gbé àpótí tó ń jókòó lé nídìí ààrò dé, ó ń mí hẹlẹ. Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó rọra gbé máòsì kúrò nílẹ̀, ó dá a padà sí àárín tábìlì. Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà kò kúrò níbi tó wà.

Bàbá wo máòsì, wọ́n wo Bọ́sẹ̀dé. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọṣẹ ni, sà."

Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá kò pe Bọ́sẹ̀dé lórúkọ mọ́. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá sì ti wọlé, Bàbá á dìde dúró. Bọ́sẹ̀dé á kúnlẹ̀, á máa bẹ̀ wọ́n, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, sà." Bàbá á ní, "Bí tíṣà bá wọ kíláàsì, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó?" Nígbà mìíràn wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀kan lórí ìdúró, ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, títí Ìyá Tèmi á fi ní òun fẹ́ kọjá.

Ọdún Ìsìnró dé, Kọ́lájọ náà dé. Kó tó jókòó, ó ti dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó gbá a lórí jẹ́jẹ́. "Ṣé ò ń gbádùn?" Kí Bàbá tó dáhùn, ó ti tàn án. Kọ̀ǹpútà ṣí wàì.

Kọ́lájọ fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ìtọ́jú ni," ni Bàbá wí. Òógùn ti bò wọ́n.

"Mo sọ ọ́! Mo ní àwọn ti àtijọ́ yìí ló ní láárí! Gbogbo èyí tó wà ní ọ́fíìsì wa l'Ékòó, kò sí èyí tó yá tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa gbé e padà. Ẹ má bínú. Mo máa wá òmíràn fún yín tó bá dọdún tó ń bọ̀."

Bọ́sẹ̀dé ń gbé omi bọ̀ fún àlejò. Ó dúró lójú ọ̀nà, ife lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. "Kọ́lá, gbé ojú rẹ̀ lọ, kó o fi àpótí sílẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú nìkan ṣe, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Jẹ́ kó ṣe oṣù kan sí i."

"Ọ̀túnla ni mò ń padà."

"Gbé Ìyá Tèmi lọ."

"Ẹ ò rí i!" ni Ìyá Tèmi kígbe láti ilé ìdáná.

Kọ́lájọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà. Bàbá wo Bọ́sẹ̀dé. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo inú ife. Bàbá wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ funfun yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tú u sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ṣí fìlà fún àbúrò wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú ilé náà.

"Kọ́lá, ohun tó o fún mi rèé. Pátákó rẹ̀ rèé, ọpọlọ rẹ̀ rèé. Ó pé. Bí o bá fẹ́ gba ẹ̀bùn rẹ, gbà á, kó o gbé àpótí náà kún un. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí, ti Tíṣà ni. Òun ló fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò."

"Ta ni Tíṣà?"

Bàbá nawọ́ sí ọmọbìnrin tó gbé omi.

Kọ́lájọ wo aṣọ funfun náà títí. "Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ò sì sọ fún mi."

"N kò sọ fún ọ. Mo jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá ní n kò mọ iyì ẹ̀bùn."

Kọ́lájọ jókòó, ó fi ọwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dé fìlà yín. Èmi ló yẹ kí n ṣí tèmi. Nígbà tí mo gbé e wá fún yín, wọ́n ti jù ú nù. Ẹ̀yìnkùlé ọ́fíìsì ni mo ti rí i. Mo kàn nù ún ni. Ní gbogbo ọdún tí mo bá wálé, tí mo bá ní 'Ṣé ò ń gbádùn?', àyà mi ló ń já pé ẹ máa ní ó ti kú."



"Ẹ̀yìnkùlé?" ni Bàbá wí.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, sà."

"Mo sì pọ̀n ọ́n lọ sí Ìgbájọ lẹ́ẹ̀mejì!"

Ìyá Tèmi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi tún bọ́. Kọ́lájọ fúnra rẹ̀ ló dá wáyà padà, ó fi ọ̀kan sí ibi tí kò yẹ, Bọ́sẹ̀dé sì rọra bá a tún un ṣe.

Bọ́sẹ̀dé ṣe ìdánwò náà, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Kò lọ sí Èkó. Bí ó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò yà kọ́ Bàbá ní ohun tó bá tún mọ̀. Bàbá kò mọ máòsì lò dáadáa títí dópin, ṣùgbọ́n wọn kò pa kíláàsì jẹ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1999, àìsàn gbé Bàbá dálẹ̀. Wọn kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé wọlé wá kí wọn. Bàbá fi ọwọ́ ti ibùsùn, wọ́n fẹ́ gbéra, apá wọn kò ká a. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn tó jókòó tì wọ́n.

"Ìyá Tèmi," ni wọ́n wí, "bá mi dìde fún Tíṣà."

Ìyá Tèmi, tí kì í gba ọ̀rọ̀ Bàbá láì kọ́kọ́ jà á níyàn, kò sọ nǹkan kan. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì dìde.

Bàbá kò sí mọ́. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ ìtàn wọn nílùú, wọ́n sì ń fi kún un. Ṣùgbọ́n bí Bọ́sẹ̀dé bá yà sí ilé náà ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Tèmi á ṣì dìde dúró fún un. Bọ́sẹ̀dé á kúnlẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà." Ìyá Tèmi á ní kì í ṣe òun, Bàbá ló rán òun. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jọ jókòó.